Alẹ́ Tí Kọmíṣọ́nnà Valemei Di Ọmọ Korosau

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fi ẹni ńlá ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó yáa pa ìwé yìí dé, nítorí mi ò ní ìtàn mìíràn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Kọmíṣọ́nnà Emosi Valemei ni mo fẹ́ sọ, ọkùnrin tó ń ṣe àkóso ọkọ̀ ojú omi àti àlejò afẹ́ ní àwọn erékùṣù wa ní ìlà-oòrùn Fiji, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Bí ó bá fẹ́ sín, ó ní láti dúró kí akọ̀wé rẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé, “Ẹ dákẹ́, Ọlọ́lá Jùlọ fẹ́ sín.” Nígbà mìíràn, kí akọ̀wé tó sọ̀rọ̀ tán, sísín náà á ti padà síbi tó ti wá.

Òun fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán aṣọ tó ń wọ̀ síṣẹ́. Aṣọ funfun ni, bọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà sì tò láti ọrùn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ikùn, ìrìn-àjò tí kì í ṣe kékeré. Àmì ẹ̀yẹ so mọ́ àyà rẹ̀ yanturu, mo sì mọ̀ dájú pé ọ̀kan nínú wọn, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti gbà á, nítorí pé kò pẹ́ dé kíláàsì rí. Fìlà ló wá dé gbogbo rẹ̀ ládé: fìlà gíga kan tí ìyẹ́ àkùkọ funfun dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ìyẹ́ náà á máa mi síwá sẹ́yìn, bí ẹni pé òun nìkan ló fara mọ́ ohun tí Kọmíṣọ́nnà ń sọ.

Àwọn àṣẹ tó sì ń pa! Ó pàṣẹ pé apẹja kankan kò gbọdọ̀ gbé ẹja kọjá níwájú ọ́fíìsì òun àfi tí ẹja náà bá wà láàyè, nítorí kò bójú mu kí òkú máa gba iwájú aláṣẹ kọjá. Ó pàṣẹ kí wọ́n máa gbá etíkun kí òun tó sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì gbá apá tó wà nínú omi náà. Ìyẹn ṣì jẹ́ ẹ̀rín. Èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín ni èyí tó fọwọ́ sí kẹ́yìn: ọkọ̀ ẹrù kékeré tó ń gbé àgbọn gbígbẹ, aláìsàn àti àwọn ọmọ iléèwé láti erékùṣù Nukudrala lọ sí Levuka kò gbọdọ̀ dúró ní Nukudrala mọ́. Kí ló dé? Ọkọ̀ náà ti dípẹtà, àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò kò sì gbọdọ̀ rí ohun tó dípẹtà. Ibi tí aláboyún á gbà dé ilé ìwòsàn, ìyẹn kò sí nínú fọ́tò.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, Valemei wà nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan tó ń gbé àwọn òyìnbó àgbà kiri erékùṣù. Lọ́la, ọkọ̀ náà máa gúnlẹ̀ sí Levuka, Olórí Ìjọba fúnra rẹ̀ á wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀, á sì dárúkọ Mínísítà tuntun. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Valemei ni. Ohun tó sì gbé e débẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ o, ẹ̀jẹ̀ olóyè tó ní òun ní ni. Ó ti ń sọ ọ́ lórí redíò láti ọjọ́ pípẹ́ pé ilé olóyè ní Korosau ni wọ́n ti bí òun, àárín àwọn jagunjagun. Nasinu ni wọ́n bí i sí, lẹ́bàá ìlú ńlá, bàbá rẹ̀ sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò dárúkọ rẹ̀ rí, kò sì fẹsẹ̀ kan Korosau rí. Irọ́ náà ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ débi pé nígbà mìíràn, àárò ilé tí kò dé rí a máa sọ ọ́.

Oúnjẹ ọ̀sán ló dá wàhálà sílẹ̀. Valemei ti múra, ó ń retí pé kí wọ́n mú òun lọ síbi tábìlì ọ̀gá ọkọ̀, ni ìyá àgbà kan láti Adelaide, tó ti ń tún eyín àwọn èèyàn ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, bá na àwo sí i.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi mú búrẹ́dì sí i. Èyí tó gbóná o.”

Valemei wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. Kò sí ẹnìkan. Ó wá wo àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri inú yàrá náà, ó rí aṣọ funfun, ó rí bọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Fìlà ìyẹ́ nìkan ni wọn kò ní, ó sì jọ pé ìyá náà rò pé ìyẹn ni ti ọ̀gá wọn.

“Màdáámù,” ó ní, “ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń na àwo sí? Èmi ni ojú tí ìjọba fi ń wo òkun! Bí mo bá ní kí omi yìí gbẹ, á kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ tí mo fẹ́ kó gbẹ!”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni ìyá náà wí, nítorí etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn. “Mú bọ́tà náà wá.”

Ọ̀gá ọkọ̀ sáré wá bẹ̀ ẹ́, ó ní kó má bínú, pé bóyá tó bá lè yí bọ́tìnnì yẹn padà. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yìí ló wá fi epo sí iná. Valemei ní òun kò ní sùn nínú ọkọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ náà, ká tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀dì wúrà lọ òun. Ọ̀gá ọkọ̀ sọ fún un pé ó dára, pé ọkọ̀ á ju ìdákọ̀ró sínú ọ̀sà Nukudrala títí di òwúrọ̀, àwọn àlejò kan sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sùn nílùú náà.

“Ibẹ̀ ni mo máa sùn,” ni Valemei wí. “Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn.”

Makereta, akọ̀wé rẹ̀, gbin. “Sà, Nukudrala ni ẹ ti fagi lé ọkọ̀ wọn.”

“Inú wọn á dùn láti gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.”

Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi, irú ọkùnrin báyìí kò yẹ kó ní ọ̀tá. Ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà fún wọn.

Nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, ọkọ̀ kékeré gbé wọn dé èbúté. Oníredíò ìjọba wà pẹ̀lú wọn, ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń bá gbogbo Fiji sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. “Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, Ọlọ́lá Jùlọ ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ilẹ̀. A ń retí ẹsẹ̀ òsì o. Ẹ ní sùúrù... òsì ti dé! Ẹsẹ̀ méjèèjì ti pé!” Makereta ń tẹ̀lé wọn pẹ̀lú agboòrùn àti ìdì gbòǹgbò yaqona kan, èyí tí wọ́n ń gún pò mọ́ omi mu tí wọ́n bá ń gba àlejò, nítorí ó mọ̀ pé àlejò kì í wọ ìlú lọ́wọ́ òfo, ọ̀gá rẹ̀ kò sì ní rántí.

Wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú ilé ńlá. Gbogbo ìlú jókòó, wọ́n kawọ́ lórí itan. Kò sẹ́ni tó dé fìlà láàárín wọn, nítorí nínú ìlú wa, a kì í dé fìlà níwájú olóyè. Valemei nìkan ló dé tirẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ sì ń gbá àjà ilé. Àwọn ọmọdé wò ó, wọ́n wo àwọn ìyá wọn. Àwọn ìyá wọn ní kí wọ́n wo ilẹ̀.

Valemei kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin ará Nukudrala, ẹ̀yin ọmọ tí òkun gbàgbé, tí èmi kò sì gbàgbé! Ní òwúrọ̀ òní, mo jí, mo wo oòrùn, oòrùn wò mí, mo ní, ‘Oòrùn, níbo ni ká ti ràn lónìí?’ A jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ilé yín! Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Ọkọ̀ tó dípẹtà yẹn kò ní dójú tì yín mọ́. Mo ti mú un kúrò! Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ bá wo ọ̀sà yín, kìkì ẹwà ni ẹ máa rí!”

Oníredíò pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ni.

Nínú gbogbo àwọn tó jókòó yẹn, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà gún jù ni Bubu Titilia. Bubu ni à ń pe ìyá àgbà lọ́dọ̀ tiwa. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin lóyún, ó ti wọ oṣù rẹ̀, ọkọ̀ yẹn sì ni ìbá gbé e lọ sí Levuka lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìyá náà bí omi nínú àgbọn tútù. Ṣùgbọ́n àlejò ni Valemei, aláṣẹ sì ni, wọn kì í la ohùn mọ́ àlejò nínú ilé yẹn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

Sakiusa, agbẹnusọ ìlú, gba ìdì yaqona lọ́wọ́ Makereta, ó dúpẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì pàtẹ́wọ́ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Valemei. “Bàbá wa, kí á tó gbé ife fún yín, àṣà ni pé kí á mọ ilẹ̀ tí ẹ ti wá, kí á lè mọ bí a ṣe máa kí yín.”

Makereta rọra sọ̀rọ̀ lábẹ́ agboòrùn. “Nasinu, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé Nasinu.”

Ǹjẹ́ ó máa gbọ́? Redíò wà ní títàn. Olórí Ìjọba ń gbọ́ ọ níbi tó wà. Valemei na àyà síwájú títí bọ́tìnnì kan fi já, ó ta sínú ọpọ́n yaqona, ó dún kọ̀ọ́.

“Ẹ bi mí ní ilẹ̀ mi? Korosau ni! Ẹ̀jẹ̀ olóyè Korosau ló ń ṣàn nínú iṣan yìí, ọmọ Korosau ni mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀!”

Sakiusa gbé ife sílẹ̀. Bubu Titilia gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú okùn lọ́wọ́ rẹ̀.

“Korosau?” ó bi í. “O ní Korosau?”

“Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀!”

“Tauvu!” ni ìyá náà ké, ó fò dìde, ó gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dun òun. “Ẹ̀yin ará ilé, tauvu wa ló dé o!” Gbogbo ìlú hó yèè. Kí Valemei tó ṣẹ́jú, Bubu ti já fìlà kúrò lórí rẹ̀, ó ti dé e.

“Ta ló ní kí o máa gbé òkú adìyẹ kiri? Àbí ó kú sí ọ lórí ni, tí o kò mọ̀?”

“Wo ikùn!” ni ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. “Ẹ̀yin ará Korosau, ṣé ẹ̀ ń gbin kókò ni, àbí ẹ kàn ń gbé e mì lódindi?”

“Jagunjagun kọ́! Bí òjò bá kù, ńṣe lẹ̀ ń sá wọlé!”

Valemei fa Makereta sẹ́yìn òpó. “Kí ni wọ́n ń ṣe fún mi yìí? Ṣé ọlọ́pàá ò sí nílùú yìí ni?”

“Sà, ṣé ẹ ò mọ̀ ni?” Makereta ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. “Òrìṣà ìdílé Nukudrala àti ti Korosau, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n láyé àtijọ́. Tauvu ni wọ́n ń pe ara wọn. Tauvu lè bú tauvu bó ṣe wù ú, ó lè mú ohunkóhun lára rẹ̀, ẹnìkan kò sì gbọdọ̀ bínú. Ọmọdé Korosau mọ̀ ọ́n.”

“Èmi ò tíì gbọ́ ọ rí.”

“Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, sà. Tí ẹ bá ní Nasinu ni ẹ ti wá, wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n á sì tún bẹ̀ yín.”

“Lórí redíò? Kí Olórí Ìjọba gbọ́?”

Ẹ kúkú rí i bó ṣe há. Tó bá jẹ́wọ́, ipò Mínísítà lọ. Tí kò bá jẹ́wọ́, aṣọ ara rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó ní ọgbọ́n á ronú sí i. Tiwa na ọrùn, ó padà sáàárín wọn, ó ní, “Ha, ha. Ẹ kú àwàdà, ẹ̀yin... ẹ̀yin tauvu mi.”

Inú wọn dùn sí i. Wọ́n gba àwọn àmì ẹ̀yẹ, wọ́n pín wọn fún àwọn ọmọdé. Èyí tó gbà pé kò pẹ́ dé kíláàsì rí, ọmọ kan tó máa ń pẹ́ dé iléèwé ni wọ́n so ó mọ́ láyà. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Sakiusa, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ló wá fi èédú kun ojú rẹ̀ láti etí dé etí, ó sì yẹra sẹ́yìn wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. “Ó ti ń jọ ẹnìkan báyìí,” ó ní. Oníredíò kò mọ ohun tí yóò ṣe, nítorí náà ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ: “Ẹ̀yin olùgbọ́, Ọlọ́lá Jùlọ ti bọ́ ẹ̀wù nítorí ooru. Ọlọ́lá Jùlọ ti... ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já ìyẹn gbà... Ọlọ́lá Jùlọ ti fi bẹ́líìtì rẹ̀ tọrẹ.” Ìyá àgbà Adelaide jókòó sórí ẹní láàárín àwọn àlejò, ó ń ya fọ́tò, omi ẹ̀rín ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ dé, ẹja nínú omi àgbọn, kókò àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi òkúta gbígbóná sè nínú ilẹ̀, gbogbo ẹja tó bá mú, ọwọ́ ẹlòmíràn á gbà á kó tó dé ẹnu. Ó fara dà á. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin kan bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà tó lọ sí Sydney lọ rà, tó ń fi aṣọ lọ́fínńdà nù láràárọ̀, ẹ dákun, Kọmíṣọ́nnà bú sẹ́kún. Ẹkún gidi, pẹ̀lú ikun.

Àwọn èèyàn wo ara wọn. Bubu Titilia wò ó pẹ́ lábẹ́ ìyẹ́ fìlà. Ó ti pẹ́ láyé, àìmọye tauvu ló ti bọ́ láṣọ, àwọn náà ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ lọ lórí iná rí, tí ó sì ń sáré tẹ̀lé wọn pẹ̀lú èébú. Kò tíì rí tauvu tó sunkún. Síbẹ̀, kò sọ ohun tó rò. Ó jókòó níwájú rẹ̀.

“Tauvu,” ó ní, “ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ mú.”

“Kí ló kù?” Valemei na ọwọ́ mú ṣòkòtò rẹ̀.

“Fi ìyẹn sílẹ̀, ta ló fẹ́ ìyẹn? Ọkọ̀ wa tí o gbà. Mo mú un padà. Mo mú un lọ́wọ́ rẹ, níṣojú gbogbo ará ilé. Ọmọ-ọmọ mi máa bímọ, inú rẹ̀ ni yóò wọ̀ lọ.”

Valemei wo Makereta. Makereta wo àjà. Oníredíò gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ọmọ Korosau kan kò lè sọ pé rárá fún tauvu, gbogbo Fiji sì ń gbọ́.

“Mú un,” ni Kọmíṣọ́nnà wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

“Ẹ sọ ọ́ sókè, sà,” ni oníredíò wí, “kí àwọn olùgbọ́ lè gbọ́.”

“Mo ní kó mú ọkọ̀ rẹ̀!”

Orin tí wọ́n kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ ńlá lójú ọ̀sà. Valemei sùn sórí ẹní láàárín àwọn ọmọdé, ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn wà lórí àyà rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Òwúrọ̀ dé, Bubu Titilia, ọmọ-ọmọ rẹ̀ aláboyún àti àwọn ìyá mélòó kan tẹ̀lé e wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́. Wọ́n ní yàrá tauvu àwọn ti di tàwọn, wọ́n sì sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí dé Levuka. Valemei jókòó síta nínú aṣọ olódòdó tí wọ́n yá a, èédú ṣì wà ní etí rẹ̀. Ìyá àgbà Adelaide fà á lọ́wọ́ síbi àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Jókòó, ọ̀rẹ́ mi, o dáa lánàá o! Oníbúrẹ́dì kan wà nínú ọkọ̀ yìí, ìwà rẹ̀ kò dára rárá.”

Ní Levuka, ẹgbẹ́ onífèrè ọlọ́pàá ń fun fèrè. Olórí Ìjọba dúró ní èbúté nínú aṣọ dúdú. Kò rí Valemei sójú rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì ti sọ fún un pé kó máa wo ẹni tó bá dé fìlà ìyẹ́. Onífìlà ìyẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó wọ ẹ̀wù funfun oníbọ́tìnnì. Olórí Ìjọba tẹrí ba.

“Kọmíṣọ́nnà, ẹ kú ìrìn.”

“Ẹ ṣé, ọmọ mi,” ni Bubu Titilia wí. “Mo ti gba ọkọ̀ wa padà.”

Kí Olórí Ìjọba tó mọ ohun tí yóò sọ, ọkùnrin àgbà kúkúrú kan já kúrò láàárín àwọn èèyàn ńlá, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Olóyè àgbà Korosau ni. Olórí Ìjọba ló mú un wá kó lè rí bí wọ́n ṣe máa gbé ọmọ ìlú rẹ̀ ga. Kò wo Valemei rárá. Bubu ló tẹ ojú mọ́.

“Titilia! Arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ sọ́run! Ta ló fi ọ́ joyè àkùkọ?” Ó já fìlà lórí rẹ̀, ó dé e.

“Olè Korosau! Ìkòkò mi tí o gbé lọ dà?” Bubu já ọ̀pá rẹ̀ gbà, ó gbé e sí abíyá.

“Mò ń fi ṣe ilé adìyẹ!”

Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Nígbà tí èémí olóyè balẹ̀, ó tọ́ka sí ọkùnrin tó wọ aṣọ olódòdó. “Èyí ńkọ́?”

“Ó ní ọmọ yín lòun.”

“Ọmọ wa? Ó sùn lọ́dọ̀ yín?”

“Ó sùn lọ́dọ̀ wa mọ́júmọ́.”

“Kí ló kó lọ́dọ̀ yín?”

“Kò kó nǹkan kan.”

Ẹ̀rín kúrò lójú olóyè. “Kò mú abọ́ kan? Ìgbálẹ̀ ńkọ́? Èébú wo ló bú ọ?”

“Kò bú mi. A bọ́ bàtà rẹ̀, ó sunkún.”

Olóyè wo Valemei tìyanutìyanu, ó mi orí. “Kì í ṣe tiwa,” ó ní, ó yíjú padà, ọ̀rọ̀ tán.

Fèrè àwọn ọlọ́pàá dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Olórí Ìjọba sún mọ́ Valemei. “Níbo lo ti wá gan-an?”

Ọ̀rọ̀ náà wúwo láti gbé jáde, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kù láti fi bò ó. “Nasinu, sà. Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.”

“Valemei oníkẹ̀kẹ́? Tó wà lẹ́bàá odò?” Ojú Olórí Ìjọba yí padà. “Ó tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún mi nígbà tí mo wà níléèwé, kò gba kọ́bọ̀. Èèyàn gidi ni. Kí ni bàbá bẹ́ẹ̀ ṣe fún ọ tí o fi gbé e pamọ́?”

Valemei kò di Mínísítà lọ́jọ́ náà, kí ilẹ̀ tó ṣú kò sì jẹ́ Kọmíṣọ́nnà mọ́. Oníredíò ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ bá ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó ń kéde ẹsẹ̀ ọ̀tún onítọ̀hún.

Mo lè pa ìtàn yìí tì síbí, inú yín á sì dùn. Ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀, òun ló sì dùn mí jù nínú rẹ̀, bí mo tiẹ̀ ti ń fi ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín láti òwúrọ̀.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kò gbé ẹni tí kì í ṣe Kọmíṣọ́nnà. Ọkọ̀ tí Valemei rí wọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ọkọ̀ ẹrù yẹn, èyí tó dípẹtà, ó jókòó lórí àpò àgbọn. Bubu Titilia wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti ọmọ tuntun, wọ́n ń padà sílé. Nukudrala ni ọkọ̀ á sùn kó tó máa lọ síwájú. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n mú Valemei wọ ilé ńlá, ó jókòó sórí ẹní, ó ti mú ìdì yaqona tirẹ̀ dání, ó sì ti wẹ èédú kúrò ní etí.

“Bàbá wa,” ni Sakiusa wí jẹ́jẹ́, “ilẹ̀ wo ni ẹ ti wá?”

“Nasinu.”

Sakiusa pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé ife yaqona fún un kí wọ́n tó gbé fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ẹja tó tóbi jù síwájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́ gbọ́ ọ tán. Wọ́n ń pè é ní “ẹ”, wọ́n ń pè é ní “sà”, àwọn ọmọdé tó sùn lé e láyà níjọ̀ọ́sí ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìtẹríba. Gbogbo ọ̀wọ̀ tó ti ń wá láti ìgbà tó ti gbọ́n, wọ́n bù ú fún un, ó sì kún títí dé ẹnu. Láti apá kejì ilé, ẹ̀rín àwọn èèyàn ń bú jáde lórí ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò sọ fún un.

Valemei jókòó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó rọra na ẹsẹ̀ rẹ̀ sáàárín ọ̀nà, níbi tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá. Bàtà Sydney ni, wọ́n ti dá a padà fún un ní Levuka, wọ́n sì ti nù ún. Ó tú okùn rẹ̀. Ó dúró de ẹni tó máa bọ́ ọ.

Bubu Titilia ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí bàtà náà. Ó wo Valemei lójú, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ fún un díẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

“Ẹ kú ìsinmi, sà,” ó ní.